Ẹ́ńjìnnì fọ́kílífìtì àtijọ́ kan ní Ṣábẹ: níbo ni a ti lè rí ẹ̀yà rẹ̀, ṣé kí a tún un ṣe ni àbí kí a pààrọ̀ rẹ̀?

ỌmọṢábẹ kọ pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ tó wà níbí. Ṣábẹ ni mo wà, ní ilé ìkẹ́rùsí kan tí a ń kó kajú àti àgbàdo sí, èmi ni mo sì ń mójú tó àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀. A ní fọ́kílífìtì kan, ọkọ̀ tí a fi ń gbé ẹrù sókè, èyí tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní fẹ́nwíìkì láìka ilé iṣẹ́ tó ṣe é sí, tí ọ̀gá wa rà ní àlòkù lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń kó irú wọn wọlé láti Yúróòpù gba èbúté Kútọnu. Àwo orúkọ rẹ̀ ti já kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì ti fi ọ̀dà tuntun kùn ún débi pé kò sí àmì kan tí ojú lè rí mọ́. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé dísẹ́ẹ̀lì ló ń lò, pé sílíńdà mẹ́rin ló ní, àti pé ó ti pẹ́ láyé.

Láàárọ̀, ó máa ń pẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́, tó bá sì ṣiṣẹ́, èéfín funfun ni yóò kọ́kọ́ tú jáde kí ó tó mọ́. Ọ́ìlì ń jò láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ó ti so mọ́ jíà. Tí a bá fi gbé ẹrù tó wúwo, apá ìgbẹ́rù rẹ̀ a máa fà tìkọ̀tìkọ̀ lọ sókè. Lọ́sàn-án, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rédíétọ̀ rẹ̀ a máa hó.

Mẹkáníìkì tó wà nítòsí wa ní kí a yọ ẹ́ńjìnnì náà dànù, kí a fi ti Hilux tàbí ti Peugeot àtijọ́ rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yà rẹ̀ kò sí níbi kankan mọ́. Ọ̀gá wa ti ń gbà á gbọ́. Kí ó tó náwó, mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ yín: báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ẹ́ńjìnnì tí kò ní orúkọ lára? Níbo ni a ti lè rí ẹ̀yà rẹ̀ láàárín Ṣábẹ, Kútọnu àti Èkó? Ṣé ó sì bójú mu kí a fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò sínú rẹ̀?

Àgbà Mẹkáníìkì (Àjàṣẹ́) fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n ní sùúrù. Ẹni tí kò tíì mọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú rẹ̀ kò lè sọ pé ẹ̀yà rẹ̀ kò sí lọ́jà.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fọ́kílífìtì kì í fúnra wọn ṣe ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń rà á ni. Perkins ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú Clark, ó sì wà nínú Hyster. Isuzu C240 wà nínú TCM ti ilẹ̀ Japan, ẹ ó sì tún bá a nínú Heli ti ilẹ̀ Ṣáínà. Toyota ní tirẹ̀ máa ń lo ẹ́ńjìnnì tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, 4Y rẹ̀ tó ń lo bẹntiróòlù tàbí gáàsì ni wọ́n sì tún fi sínú Hilux àti HiAce, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà rẹ̀ fi rọrùn láti rí. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ ọjà tó ń béèrè ẹ̀yà Clark tàbí ẹ̀yà Hyster lè rìn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nígbà tí ẹ̀yà tó ń wá wà ní ìsọ̀ tó kọ́kọ́ kọjá, lábẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì.

Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì onírin àti tínà, kí ẹ fọ ọ̀dà kúrò lára búlọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pàápàá níbi tí irin rẹ̀ bá ti tẹ́jú àti nítòsí pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì. Inú irin náà gan-an ni wọ́n lu nọ́ńbà sí, kò sì jinlẹ̀, nítorí náà ẹ má fi fáìlì tàbí ẹ̀rọ ìlọrin kàn án. Kí ẹ tún nu àwo kékeré tó wà lára pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì ya àwòrán gbogbo rẹ̀.

Ní ti ẹ́ńjìnnì Hilux tàbí Peugeot, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò kékeré máa ń yí tó 4,000 ní ìṣẹ́jú kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí gbogbo agbára rẹ̀ tó jáde, ṣùgbọ́n iṣẹ́ fọ́kílífìtì jẹ́ iṣẹ́ agbára ńlá ní eré kékeré, ẹ́ńjìnnì irú èyí tí ẹ ń ṣàpèjúwe kì í sì í sáré ju nǹkan bí 2,500 lọ. Ẹ̀rọ ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ló ń yí pọ́ǹpù háídírọ́líìkì tó ń gbé ẹrù. Tí ẹ bá jẹ́ kí ó sáré bíi ti mọ́tò, pọ́ǹpù náà yóò bàjẹ́. Tí ẹ kò bá sì jẹ́ kí ó sáré, kò ní lè gbé nǹkan kan. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ irin tí yóò so ó mọ́ jíà, tí ẹ ó máa wá ibi tí agbada ọ́ìlì rẹ̀ yóò gbà, tí ẹ ó sì máa yí ẹsẹ̀ tó dúró lé padà. Mo ti rí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà àwọn ènìyàn. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà nínú ọgbà náà, koríko ti bò wọ́n.

Ẹ tún dán nǹkan kan wò fún mi. Ẹ gbé ẹrù tó wúwo díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Tí ohùn rẹ̀ bá ń rẹlẹ̀ tí èéfín dúdú sì ń jáde, ẹ́ńjìnnì ni kò lágbára. Tí ohùn rẹ̀ kò bá yí padà ṣùgbọ́n tí apá ìgbẹ́rù ń fà, ẹ lọ wo ọ́ìlì háídírọ́líìkì, fíltà rẹ̀ àti pọ́ǹpù rẹ̀, kí ẹ má fi ìyà ẹlòmíràn jẹ ẹ́ńjìnnì.

Ìyá Ẹlẹ́yà-Ọkọ̀ (Kétu) fèsì pé:

Bàbá ti sọ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, títà ni mo ń tà, mo sì fẹ́ fi ojú ọjà sọ tèmi.

Ládípọ̀ ní Mushin ni gbogbo ènìyàn mọ̀, ó sì dára fún ẹ̀yà mọ́tò. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì Toyota tàbí Nissan ló wà nínú ẹ̀rọ yín, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Perkins tàbí ẹ́ńjìnnì ńlá mìíràn, Òwódé Onírin ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú ló yẹ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń tú ọkọ̀ ńlá àti katapílà tà pọ̀ sí. Ní Kútọnu náà, ẹ lè rí odindi ẹ́ńjìnnì àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń já ẹrù láti Yúróòpù, àmọ́ ẹ má san owó ẹ́ńjìnnì tí ẹ kò rí kí wọ́n fi ọwọ́ yí.

Ẹ má fi ẹnu ṣàpèjúwe ẹ̀yà fún ọlọ́jà. Ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ dání, kí ẹ sì mú irinṣẹ́ ìwọ̀n dání pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò ní èrò láti rẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní “ó jọ èyí”, “ó jọ èyí” náà ni wọn yóò fún yín. Tí ẹ bá sì ra nǹkan tó wúwo ní Nàìjíríà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìsanwó tó pé, kí ẹ sì gba ibi tí kọ́sítọ́ọ̀mù wà, ì báà jẹ́ Ìgólo, ì báà jẹ́ Kraké. Ẹ̀yà tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé lójú ọ̀nà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

ỌmọṢábẹ kọ pé:

Mo dúpẹ́ púpọ̀, Bàbá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Ìyá wa. A ti fọ ọ̀dà náà kúrò. Nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LD, nọ́ńbà mìíràn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà U, nọ́ńbà gígùn kan, ó sì parí pẹ̀lú H. Lára pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì, mo rí CAV àti DPA. Nígbà tí a dán ẹrù gbé, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀, èéfín dúdú sì jáde. Omi rédíétọ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí omi nínú ọ́ìlì. Tí a bá ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́, atẹ́gùn ń tú síta níbẹ̀ pẹ̀lú èéfín.

Àgbà Mẹkáníìkì (Àjàṣẹ́) fèsì pé:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Perkins 4.236 ni ẹ ní. LD ni àmì irú rẹ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ń sọ bí wọ́n ṣe to àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì yìí gan-an jọ. U ń sọ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn sì ni ọdún rẹ̀. 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, H tiyín sì jẹ́ 1981. Ẹ kọ odindi nọ́ńbà náà sínú ìwé iṣẹ́ yín, kí ẹ má sì fi lẹ́tà kan sílẹ̀, nítorí òun ni ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè kí ó tó ta písítìnì tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì fún yín.

Ìròyìn ayọ̀ nìyí fún ọ̀gá yín. 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe 4.236, Massey Ferguson sì ti ra ilé iṣẹ́ Perkins láti 1959, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì yìí fi wọ inú tirakítọ̀ wọn. MF 375 tí ẹ ń rí nínú oko lo irú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wọ ọjà kí ẹ béèrè ẹ̀yà tirakítọ̀. Ẹ má dárúkọ fọ́kílífìtì. Caterpillar ló ni Perkins láti 1998, wọ́n sì ṣì ń ta ojúlówó ẹ̀yà rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwọn ẹbí rẹ̀. 236 yẹn jẹ́ ìwọ̀n inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ínǹṣì oníhà mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bí líta 3.86. Ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní 98.4 mm, písítìnì rẹ̀ sì ń rìn 127 mm láti òkè dé ìsàlẹ̀. 4.248 jọ ọ́ bí ìbejì lójú ẹni tó bá dúró lókèèrè, ṣùgbọ́n ihò tirẹ̀ jẹ́ 101 mm. 4.212 ní ihò kan náà pẹ̀lú tiyín, àmọ́ ìrìn písítìnì rẹ̀ kúrú, 114.3 mm ni. Níbi tí Ìyá wa ti ní kí ẹ mú irinṣẹ́ ìwọ̀n dání, ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wúlò jù. Kí ẹ sì ka iye ríìngì tó wà lára písítìnì àtijọ́ yín, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe gbẹ́ orí rẹ̀, nítorí wọ́n yí i padà láàárín ọdún tí wọ́n fi ṣe ẹ́ńjìnnì yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí àìsàn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í lo plọ́ọ̀gì tó ń gbóná nínú sílíńdà. Ohun tí wọ́n fún un ni ẹ̀rọ kékeré kan nínú ọ̀nà atẹ́gùn tó ń jó dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbóná nígbà òtútù. Ní Ṣábẹ, kò yẹ kí ó nílò rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Èéfín funfun tó ń mọ́ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó tán, atẹ́gùn tó sì ń tú láti ibi tí ẹ ń da ọ́ìlì sí ń sọ pé agbára ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì sá lọ sísàlẹ̀. Mo gbà pé ríìngì àti sílíìfù, ìyẹn ọpọ́n irin tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, ti jẹ. Síbẹ̀, kí ẹ tó tú u, ẹ ṣe àwọn tó rọrùn: ẹ pààrọ̀ fíltà atẹ́gùn àti fíltà dísẹ́ẹ̀lì, ẹ tún àlàfo fáàfù ṣe sí 0.30 mm nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ rí i pé bátìrì àti sítátà ń yí i dáadáa, kí ẹ sì wò bóyá páìpù dísẹ́ẹ̀lì kan ń fa atẹ́gùn. Kó o tó sọ pé ẹnì kan ń kú lọ, o ó kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ.

Tí kò bá yí padà, ẹ óò yọ ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ ni. Nígbà tó bá wà nílẹ̀, ẹ wọn gbogbo ojú kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá tí àwọn písítìnì ń yí, pẹ̀lú máíkrómítà, kí ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìhà méjì, kí ẹ lè mọ̀ bí ó bá ti di ẹyin. Bẹ́ríìnì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kíráńkì ń yí nínú wọn, tó kéré ní 0.25 mm, 0.50 mm àti 0.75 mm wà lọ́jà, nítorí náà ẹ má ra bẹ́ríìnì kí ẹni tí yóò gbẹ́ kíráńkì tó sọ ibi tí òun máa gbẹ́ ẹ dé. Mo máa ń rí àwọn tó kọ́kọ́ ra bẹ́ríìnì nítorí pé wọ́n rí i ní owó pọ́ọ́kú. Wọ́n á wá ní kí wọ́n gbẹ́ kíráńkì bá bẹ́ríìnì mu. Ìnáwó ẹ̀ẹ̀mejì ni.

Ọ́ìlì tó ń jò lẹ́yìn kò ṣeé tún ṣe láìya ẹ́ńjìnnì kúrò lára jíà, nítorí náà, ìgbà yìí náà ni kí ẹ ṣe é. Ní ọdún tí wọ́n ṣe tiyín, ó ṣeé ṣe kí ìdínà ọ́ìlì ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ oníokùn, èyí tó wà nínú ilé onírin aláàbọ̀ méjì. Ẹ fi ìgò tàbí irin róbótó tẹ okùn náà wọlé dáadáa, kí ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ méjèèjì yọ síta ní 0.25 mm sí 0.50 mm kí ẹ tó pa ilé náà dé, kí ẹ sì fi gíríìsì oní-gíráfáìtì kùn ún. Tí ọlọ́jà bá fún yín ní ọ́ìlì síìlì onírọ́bà tó jẹ́ òrùka, ẹ wo ojú kíráńkì níbẹ̀ ná. Tó bá ní ìlà tí wọ́n gbẹ́ yí i ká, okùn ni wọ́n ṣe é fún, rọ́bà yóò jò níbẹ̀.

Tí ẹ bá rí odindi ẹ́ńjìnnì tirakítọ̀ ní owó tó dára, ẹ lè rà á fún búlọ́ọ̀kì, kíráńkì àti tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀. Ẹ má ju ti àtijọ́ yín nù. Agbada ọ́ìlì, fùláíwíìlì àti ilé rẹ̀, fáànù, ọ̀nà èéfín, pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì: ti fọ́kílífìtì ni gbogbo wọn, wọn kì í wà lọ́jà, tirakítọ̀ kò sì ní irú wọn.

Fáànù ló mú mi rántí omi tó ń hó. Rédíétọ̀ fọ́kílífìtì yín wà lẹ́yìn, nínú irin ńlá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ náà dojú dé nígbà tó bá gbé ẹrù, fáànù rẹ̀ sì ní láti máa ti atẹ́gùn síta láti ẹ̀yìn, kì í fà á wọlé bíi ti mọ́tò. Ẹ mú bébà kan sí ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Tí bébà bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ẹnì kan ti fi fáànù tirakítọ̀ sí i. Tí ó bá ń fẹ́ ẹ síta ṣùgbọ́n tí kò lágbára, ó lè jẹ́ pé wọ́n dojú fáànù kọ ibi tí kò yẹ, tàbí pé eruku kajú ti dí ojú rédíétọ̀ láti ìhà ẹ́ńjìnnì, níbi tí ẹ kò ti lè rí i. Láti ẹ̀yìn ọkọ̀ wá sí iwájú ni kí ẹ ti fẹ́ eruku náà jáde, lẹ́yìn tí ó bá tutù tán.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó yọ irin ẹ̀yìn náà, ẹ sọ apá ìgbẹ́rù kalẹ̀ pátápátá. Irin náà lè ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé e.

Atúnpọ́ǹpùṣe (Kútọnu) fèsì pé:

Àgbà ti sọ púpọ̀, èmi fẹ́ sọ ti pọ́ǹpù nìkan. DPA, irú pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì tí CAV ṣe tó wà lára ẹ́ńjìnnì yín, kò ní ọ́ìlì tirẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń mú kí ó máa yọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n ti da bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì mọ́, tàbí èyí tí omi wà nínú àgbá rẹ̀, ni ó ń pa á jù. Ààrín rẹ̀ á jẹ, agbára rẹ̀ á sì dín kù nígbà tó bá gbóná: yóò ṣiṣẹ́ láàárọ̀, kò ní fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́sàn-án tí ẹ bá pa á díẹ̀. ỌmọṢábẹ, tiyín kò rí bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ ló ń yọ yín lẹ́nu, nítorí náà mo gbà pẹ̀lú Àgbà pé ríìngì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Síbẹ̀, ẹ gbé pọ́ǹpù àti àwọn nọ́súlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú sílíńdà wá sí orí ẹ̀rọ ìdánwò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà nílẹ̀, nítorí èéfín dúdú lábẹ́ ẹrù lè jẹ́ ti nọ́súlù tó ń kán dípò kí ó máa fọ́n. Ẹ má yọ àwo kékeré ara rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ló ń sọ eré tí wọ́n fi sí fún fọ́kílífìtì yín, tí wọ́n bá sì fi ti tirakítọ̀ sí i, bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe dáhùn nígbà tí ẹ bá gbé ẹrù kò ní rí bákan náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fi ìka wo bóyá nọ́súlù ń fọ́n. Dísẹ́ẹ̀lì tó ń jáde níbẹ̀ lágbára débi pé ó lè gún awọ wọ inú ẹran ara, ilé ìwòsàn ló sì ń parí sí.

ỌmọṢábẹ kọ pé:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀gá wa létí, wọ́n sì ti fi ọ̀rọ̀ Hilux sílẹ̀. A fi bébà dán fáànù wò: ó ń tì í síta, ṣùgbọ́n kò lágbára. Nígbà tí a fi iná wo ìhà ẹ́ńjìnnì, eruku àti èèpo kajú ti dí ojú rédíétọ̀ ju ìdajì lọ. A ó fọ̀ ọ́, a ó sì pààrọ̀ fíltà kí a tó yọ ohunkóhun. Ìyá wa ní Kétu, tó bá di pé a ní láti ra sílíìfù àti písítìnì, ṣé ẹ lè bá wa wá a kí a má bàa ṣìnà ní Èkó?

Ìyá Ẹlẹ́yà-Ọkọ̀ (Kétu) fèsì pé:

Mo lè bá yín wá a. Ẹ fi odindi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe LD nìkan, pẹ̀lú àwòrán orí písítìnì kan tí ẹ bá ti tú u àti iye ríìngì rẹ̀. Bẹ́ríìnì ní tirẹ̀, mi ò ní rà á títí ẹ ó fi wọn kíráńkì tí ẹ ó sì kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́.